Ibi Tó Pupa Jù Lórí Bébà

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Mojíre rí Adédàmọ́lá, ẹnu ọ̀nà yàrá máàpù ni ọkùnrin náà dúró sí. Ó gbé ìdì bébà kan tó ga dé àgbọ̀n rẹ̀ dání, eruku ọyẹ́ sì ti kun irun orí rẹ̀ àti ìpéǹpéjú rẹ̀, títí ó fi dà bí arúgbó tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀dọ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún, kò lè kan ilẹ̀kùn. Orí bàtà ló fi ń gbá a jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀kùn bínú.

Ọwọ́ Mojíre náà ò mọ́. Máàpù òjò ló ń kùn láti àárọ̀. Yíǹkì pupa ti dé gbogbo orí ìka rẹ̀, búlúù sì ti yí mọ́ ọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tó ti nu òógùn. Ó fẹ́ sá lọ bọ́jú, ṣùgbọ́n ìdì bébà náà ti ń yọ̀ lọ́wọ́ àlejò yìí, ló bá sáré fọwọ́ gbà á lábẹ́. Bí àwọn méjèèjì ṣe di ìdì kan náà mú nìyẹn, tí wọ́n ń wo ara wọn lókè rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó lè fi sílẹ̀ nínú wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, tábìlì yín ni mo wá tọrọ," ọkùnrin náà ní. "Tiwa ò fẹ̀ tó."

"Kí lẹ fẹ́ tẹ́ sórí rẹ̀?"

"Ìka ọwọ́ àwọn èèyàn."

Mojíre ti rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Ọdún 1997 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Yunifásítì ńlá tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Mojíre, ọmọ Oyèwọlé àgbẹ̀ kòkó ní Modákẹ́kẹ́, ló ń ya máàpù fún ẹ̀ka jọ́gíráfì. Adédàmọ́lá, ọmọ Ìlódè nínú Ifẹ̀, wà ní ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà, òun ló sì ṣe sáìtì tí yunifásítì náà ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ìlú ò tíì gbọ́ orúkọ íńtánẹ́ẹ̀tì rí.

Àwòrán kan ló máa ń kí ẹni tó bá wọ sáìtì náà, àwòrán yunifásítì tí wọ́n yà láti orí òkè, tó fi ilé, títì àti igi hàn. Bí èèyàn bá fi máòsì tẹ ilé kan nínú àwòrán, ojú-ewé ilé náà á ṣí. Orí kọ̀ǹpútà kan lókè òkun ni wọ́n gbé sáìtì náà sí, kọ̀ǹpútà yẹn á sì kọ ibi tí onítọ̀hún tẹ̀ sílẹ̀: bó ṣe jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ òsì, bó ṣe jìnnà sí òkè. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn ló kún ìdì bébà náà. Ọ̀gá Adédàmọ́lá fẹ́ mọ ohun tí àwọn àlejò ń wá gan-an, ó sì ti pẹ́ tí Adédàmọ́lá ti ń wo nọ́ńbà láìrí ju nọ́ńbà lọ.

Mojíre ò tíì fojú kan íńtánẹ́ẹ̀tì rí. Ṣùgbọ́n ìjìnnà láti òsì àti ìjìnnà láti òkè, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń wá abúlé lórí máàpù. Ó ní kí wọ́n tẹ àwòrán náà jáde kó fẹ̀ dáadáa, kí wọ́n fi bébà gíráàfù tó fẹ́lẹ́ bò ó, kí wọ́n sì fi àmì sí ibi tí ìka kọ̀ọ̀kan tẹ̀. Ibi tí àmì bá pọ̀ sí jù, wọ́n á kùn ún ní pupa. Èyí tó tẹ̀ lé e á gba àwọ̀ ọsàn, lẹ́yìn rẹ̀ àwọ̀ ìyeyè. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò bá yà sí, búlúù.

"Bí a ṣe ń kun ibi tí ooru ti mú jù nílẹ̀ Nàìjíríà nìyẹn," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá wò ó tán, ẹ ò ní nílò nọ́ńbà mọ́."

Bó ṣe di pé Adédàmọ́lá ń wá sí yàrá máàpù lọ́sàn-án nìyẹn. Á máa ka nọ́ńbà, Mojíre á máa fi àmì sí i. Nígbà mìíràn á mọ̀ọ́mọ̀ ka nọ́ńbà kan tó máa gbé àmì náà bọ́ sí ìta bébà pátápátá, Mojíre á gbójú sókè láti bá a wí, á sì bá a tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó máa ń ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà wá, wọ́n á jẹ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kí epo má baà kan iṣẹ́. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, "ẹ" ti jábọ́ láàárín wọn, wọ́n ti ń pe ara wọn ní "ìwọ". Adédàmọ́lá ti bi ẹnì kan tó ń bá Mojíre ṣiṣẹ́ léèrè oríkì rẹ̀, Àníkẹ́ ló sì ń pè é.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kun máàpù ooru náà tán, àwọn méjèèjì fà sẹ́yìn láti wò ó. Ẹnu géètì pupa díẹ̀, ilé ìkàwé náà bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé tí Adédàmọ́lá ti kó iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sí, tó fi odindi oṣù ṣe, búlúù ni wọ́n. Ibi tó wá pupa jù lọ ni kọ̀rọ̀ kan lókè pátápátá, lẹ́yìn àwọn igi, níbi tí òrùlé páànù ìlú ti yọ díẹ̀ nínú àwòrán, tó ti dípẹtà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó lè ṣí. Èèyàn kàn ń tẹ ibẹ̀ lásán ni.

Adédàmọ́lá ní bóyá àwọn ṣi nọ́ńbà kà. Mojíre mi orí. Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó fi sáìtì náà han òun lọ́fíìsì rẹ̀, ibẹ̀ yẹn ni òun náà kọ́kọ́ tẹ̀. Òrùlé ilé bàbá òun lòun ń wá.

"Ilé ni wọ́n ń wá," ó ní. "Ẹni tó ti pẹ́ lókè òkun tó rí àwòrán yìí, ṣé ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ ni yóò kọ́kọ́ wò?"

Ọkùnrin náà gbórí sókè. Ojú rẹ̀ kúrò lórí bébà, ó wá bà lé Mojíre, ó sì dúró síbẹ̀.

"Bí ẹnìkan bá ya bí ojú mi ṣe ń rìn nínú yàrá yìí láti ìgbà ọyẹ́," ó ní, "gbogbo ògiri ni ì bá jẹ́ búlúù, Àníkẹ́. Àti tábìlì. Àti bébà náà."

"Ibo ni ì bá wá pupa?"

"O mọ̀ ọ́n."

Mojíre bẹ̀rẹ̀ sí í ká bébà tí kò yẹ kó ká, torí yíǹkì rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá fara mọ́ ohun tí máàpù ooru fi hàn. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wá sí ojú-ewé ẹnu géètì, níbi tí ọwọ́ èèyàn ti ń lọ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì pinnu pé bí ẹnikẹ́ni bá tẹ òrùlé ìlú, kí máàpù ìlú ṣí fún un. Mojíre ni wọ́n ní kó yà á. Ó ti ya ilẹ̀ onílẹ̀ lóríṣiríṣi, kò tíì ya ti ilé rẹ̀ rí.

Iṣẹ́ náà sì le. Ibi tí Ifẹ̀ parí sí àti ibi tí Modákẹ́kẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láyé àwọn baba ńlá wọn ni, lọ́dún yẹn sì rèé, ọ̀rọ̀ ibi tí wọn yóò gbé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ sí ti ń mú kí ara gbogbo èèyàn gbóná. Mojíre gbé gègé lé ibi ààlà lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì gbé e kúrò. Níkẹyìn kò fa ìlà kankan. Ó kọ Ìlódè, ó kọ Modákẹ́kẹ́, lẹ́tà kan náà ló fi kọ wọ́n, kò sí èyí tó ga ju èkejì lọ.

Nígbà tó gbé e délé, bàbá rẹ̀ mú un lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó nu awò ojú rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó bi í pé ìlà dà. Ó bi í bóyá ó fẹ́ sọ ìlú wọn di àdúgbò ìlú ẹlòmíràn ni. Ní Ìlódè, níbi tí Adédàmọ́lá gbé ẹ̀dà kan dé, ìyá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, náà bèèrè ẹni tó kọ orúkọ Modákẹ́kẹ́ gàdàgbà bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé ìlú tó dá dúró ni. Ọmọ rẹ̀ sọ ẹni tó kọ ọ́. Ó sì fi kún un pé ẹni náà lòun fẹ́ fẹ́. Màmá ká máàpù náà, ó tún un ká títí ó fi kéré bí ìwé àdúrà, ó tì í sábẹ́ tìmùtìmù àga rẹ̀, ó sì jókòó lé e.

Adédàmọ́lá sọ èyí fún Mojíre bí àwàdà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú ìdílé méjèèjì ló ń bá wọn yọ̀. Ọ̀rẹ́olúwa ni, àbúrò Adédàmọ́lá, tó ń ránṣọ ní Lágere. Ó ti rán búláòsì kan fún Mojíre láìwọ̀n ọ́n, ó sì wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti ròyìn obìnrin náà fún òun débi pé òun ò nílò téèpù mọ́. "Ìyàwó wa" ló ń pè é, níwájú ẹnikẹ́ni.

Bàbá Mojíre ò kórìíra ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó gbà kó wọ inú ilé òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò lọ tán, ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, Mojíre, àárín ilé wọn ni yóò ti bá ọ," ó ní. "Ta ló máa gbà ọ́ sílẹ̀ fún mi?"

Mojíre ní nǹkan ò ní bàjẹ́. Ó rò pé ọdún á lọ, pé òkò ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lu ara wọn á rẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, pé bí wọ́n bá kó kòkó tán lọ́dún náà, òun á tún bẹ bàbá. Òun àti Adédàmọ́lá ti jọ fẹnu kò sí i bẹ́ẹ̀.

Nínú oṣù kẹjọ, ìjà bẹ́.

Àwọn tó gbé ibẹ̀ nígbà náà kì í fẹ́ sọ ọ́. Ìbọn dún ní ojúmọmọ. Títì tí àwọn ọmọdé ti ń gba bọ́ọ̀lù di ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè là kọjá. Mojíre wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú ọgbà yunifásítì nígbà tí ọ̀nà dí, kò lè délé, bàbá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ lóun nìkan. Láti orí òkè, ó ń rí èéfín. Ó mọ máàpù ìlú náà lórí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí náà kò ṣeé ṣe fún un láti tan ara rẹ̀ jẹ nípa ibi tí èéfín kọ̀ọ̀kan ti ń jáde.

Láàárín gbogbo èyí, nọ́ńbà ń wọlé láti òkè òkun. Tẹlifóònù ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá wù ú, Adédàmọ́lá sì tẹ nọ́ńbà náà jáde, ó gbé e wá sí yàrá máàpù, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Wọ́n jókòó bí wọ́n ti ń ṣe. Ó ń kà, Mojíre ń fi àmì sí i. Kò ka èyíkéyìí sí ìta bébà lọ́jọ́ náà.

Àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ti gbọ́. Wọ́n ń tẹ máàpù ìlú, wọ́n ń tẹ ibi tí agboolé wọn wà ní àtẹ̀túntẹ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò sẹ́ni tó dáhùn. Kò kúkú sí ìròyìn kankan níbẹ̀, orúkọ àdúgbò lásán ni. Mojíre bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà tó kùn ún dé àárín, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Gbogbo ibi tó ti rí èéfín láti orí òkè, ibẹ̀ gan-an ló pupa lórí bébà. Pupa náà na ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, níbi tí òun ti kọ̀ láti fa ìlà.

"Mi ò kùn mọ́," ó ní.

Adédàmọ́lá na ọwọ́ láti gba gègé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni aládùúgbò wọn kan láti Ìlódè yọ sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ rẹ̀ ti rin fún òógùn. Kò wọlé. Ó ní kí Adédàmọ́lá máa bọ̀ nílé. Ó ní Ọ̀rẹ́olúwa lọ kó aṣọ àwọn oníbàárà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n má baà sun ún, ìbọn sì bá a lọ́nà. Wọn ò mọ ẹni tó yìn ín.

Adédàmọ́lá dìde. Ó yíjú sí Mojíre, Mojíre sì rí nǹkan kan nínú ojú náà tí kò sí níbẹ̀ rí. Kì í ṣe òun ni ọkùnrin náà ń wò. Modákẹ́kẹ́, ìlú rẹ̀, ló ń wò. Kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú akàn lọ, ó sì jáde.

Nínú ọ̀sẹ̀ kan náà ni ilé Oyèwọlé jóná. Àwọn aládùúgbò fa bàbá náà jáde. Ó fẹ́ padà wọlé lọ mú àwòrán ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, wọ́n dì í mú. Nígbà tí ọ̀nà là díẹ̀, Mojíre mú un lọ sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Mókọ́lá. Nínú ọkọ̀, láti Gbọ̀ngán dé Ìkirè dé Aṣejirè, bàbá ń wo ìta. Àwọn tó ń ta ẹja gbé e sún mọ́ fèrèsé ọkọ̀, ó wò wọ́n bí ẹni tó ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń fi ẹja ṣe.

Mojíre ò ránṣẹ́ sí Adédàmọ́lá. Kí ni ì bá sọ? Ojú tó fi wò ó lọ́jọ́ náà ti sọ gbogbo rẹ̀. Adédàmọ́lá náà ò ránṣẹ́. Báyìí ni ọdún náà parí, tí òmíràn bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ wọn sì dà bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Olúbùnmi gbà á síṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n sì ń ṣe fọ́tókọ́pì. Iṣẹ́ náà ò ní àwọ̀ kankan, dúdú lórí funfun ni. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ á bá bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, tó kọjú sí ọ̀nà. Bàbá náà ń gbẹ lọ díẹ̀díẹ̀. Á bèèrè bóyá wọ́n ti ń padà sílé, Mojíre á ní ó kù díẹ̀, àwọn méjèèjì á sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ọdún 1998 ń parí lọ nígbà tí Olúbùnmi ra íńtánẹ́ẹ̀tì sí ṣọ́ọ̀bù náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí oníbàárà ò tíì dé, Mojíre kọ àdírẹ́sì tó ti há sí i lórí. Àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ọ̀run, igi, òrùlé. Ó tẹ òrùlé ìlú. Kò ṣí. Wọ́n ti yọ máàpù rẹ̀ kúrò. Ó gbọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn aláṣẹ ló ní kí wọ́n yọ ọ́, kó má di wàhálà.

Ó jókòó níwájú àwòrán náà títí. Lẹ́yìn náà ó rí ilé jọ́gíráfì ní ìsàlẹ̀, ó sì rí fèrèsé yàrá máàpù, kékeré bí orí abẹ́rẹ́. Ó gbé máòsì lọ síbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan tó ṣí, kò sì retí pé kí nǹkan kan ṣí. Láti ọjọ́ náà, bó bá ṣe ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, á kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun. Kò rò pé ẹnikẹ́ni ń wò. Ó rò pé gbogbo èèyàn tó ń wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣíwọ́ wíwò ó.

Ọjọ́ Sátidé kan, ọyẹ́ ti mú, ó gbójú sókè láti ibi ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì, Adédàmọ́lá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rù. Irun funfun díẹ̀ ti yọ lórí rẹ̀, kì í sì í ṣe eruku lọ́tẹ̀ yìí.

"Fèrèsé yẹn," ó ní. "Kò sí ohun tó ń ṣí níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Búlúù ni ibẹ̀ látọjọ́ tí a ti ń kùn ún. Mo ṣì ń kùn ún, Àníkẹ́, èmi nìkan. Mi ò mọ̀ ọ́n kùn. Mo wá rí pupa bíńtín níbi tí ẹnikẹ́ni ò dé rí, nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tó ń tẹ̀ ẹ́ sì fi hàn pé Ìbàdàn ló wà. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì nígboro yìí ni mo ti wọ̀ láti àárọ̀."

Mojíre pa ẹ̀rọ náà. Olúbùnmi wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní òun fẹ́ lọ ra búrẹ́dì.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, Adédàmọ́lá sọ ohun tó gbé e wá. Ó ní ojú tí òun fi wò ó lọ́jọ́ tí ìròyìn Ọ̀rẹ́olúwa dé, kò sí àárọ̀ tí òun ò jí bá a.

"Mo rí i," ni Mojíre wí. Kò ní kò burú, kò ní òun ti gbàgbé. "Ọ̀rẹ́olúwa máa ń pè mí ní ìyàwó wa. O ò jẹ́ kí n bá ọ sunkún rẹ̀."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ bo ojú. Wọ́n sì jọ sunkún Ọ̀rẹ́olúwa níbẹ̀, láàárín bébà, lọ́sàn-án gangan, tí oníbàárà kan wọlé tó sì tún rọra jáde.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn di ti Adédàmọ́lá ní Sátidé. Nígbà àkọ́kọ́ tó kí bàbá Mojíre ní Mókọ́lá, bàbá náà bi í ní àdúgbò rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ó ní Ìlódè. Bàbá kọjú sí ògiri. Adédàmọ́lá jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀, ó sì tún wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ń gbé omi àlùwàlá fún un. Ó ń bá a wo ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan ni bàbá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, láìyíjú. "Wọ́n ní wọ́n pa àbúrò rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Wọ́n sun ilé mi. Ilé ni tèmi, èèyàn ni tìrẹ. Ìwọ lò ń wá kí mi." Ó ṣì ń wo ọ̀nà. "Mo ti bi ọmọ mi léèrè nígbà kan, pé ta ló máa gbà á sílẹ̀ fún mi. Bóyá kò sí ẹni tó lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ jọ máa gbé. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ibẹ̀."

Kò pẹ́ sígbà náà tó kú, lẹ́yìn ìrun Àsárì, lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ó ti ní kí wọ́n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó òun lẹ́yìn ilé ní Modákẹ́kẹ́. Kò ṣeé ṣe. Àwọn tó ti ibẹ̀ dé sọ pé àyíká ilé náà ò tíì rọlẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀ ò sì ní kí òkú dúró. Ìbàdàn ni wọ́n sin ín sí, láàárín àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó yẹ kó gbé e ti fọ́n káàkiri. Ọmọ Ìlódè wà lára àwọn tó gbé e lé èjìká.

Adédàmọ́lá sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun máa fẹ́ Mojíre. Màmá ní ilé tí òun gbé àwòrán Ọ̀rẹ́olúwa kọ́ sí, ẹsẹ̀ obìnrin yẹn ò ní wọ ibẹ̀. Kò pariwo. Adédàmọ́lá náà ò bá a jiyàn. Ó rí iṣẹ́ sí Ìbàdàn, ó sì kó ẹrù rẹ̀ jáde ní Ìlódè láìsí ẹni tó sìn ín dé géètì.

Kóòtù ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, ní 1999, lọ́jọ́ tí òjò ń ṣú tí kò sì rọ̀. Olúbùnmi àti àbúrò ìyá Mojíre ló fọwọ́ sí i. Nígbà tí akọ̀wé bèèrè bóyá ìdílé ti pé, Mojíre wẹ̀yìn wo àwọn àga tó ṣófo, ó ní wọ́n ti pé. Adédàmọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi délé. Ayọ̀ wà níbẹ̀, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ayọ̀ tó ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn ni, bí ẹni tó wà nílé tí aláìsàn ti ń sùn.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mojíre nìkan ló wà nílé, ó ń bẹ iṣu, ni ẹnìkan kí lẹ́nu ọ̀nà. Kò rí obìnrin náà rí, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú rẹ̀ ni Adédàmọ́lá gbé wọ ayé. Mojíre kúnlẹ̀ síbi tó wà, pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ kọjá lára rẹ̀, ó jókòó, ó ní kó fún òun lómi. Ó mu ún tán. Ó wo yàrá náà yí ká, ó wo ara Mojíre láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ó bèèrè ibi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí. Mojíre sọ fún un. Ó bèèrè bóyá ó jìnnà sí ibí. Mojíre ní ó jìnnà díẹ̀, pé àwọn sàréè míì ti pọ̀ níbẹ̀, pé nígbà tí òun lọ kẹ́yìn, ó pẹ́ kí òun tó dá a mọ̀.

Màmá gbọ́ èyí, ó sì gbójú sílẹ̀.

"Ọ̀rẹ́olúwa wà lẹ́yìnkùlé mi," ó ní. "Mo ń rí i láràárọ̀. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè wá òkú rẹ̀ tì." Ó tú gèlè rẹ̀, ó gbé e lé itan, ó ń tẹ́ ẹ pẹ̀lú ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ̀ ọ́. "Mi ò lè ní kí o wá sí Ìlódè, Mojíre. Bí mo bá sọ pé mo lè ṣe é, irọ́ ni. Ojú mi ò tíì gbà á, kò sì dá mi lójú pé yóò gbà á kí n tó kú."

"Mo gbọ́, mà."

"Èmi ni n óò máa wá."

Mojíre gbójú sókè wò ó. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Màmá na ọwọ́ sí i, Mojíre rò pé ó fẹ́ fà á dìde, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa abọ́ iṣu sún mọ́ ara rẹ̀, ó mú èyí tí Mojíre bẹ dé ìdajì, ó sì bá a bẹ ìyókù.